Awọ Àgbò Tí Tìjání Kò Jẹ́ Ká Jẹ

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fún yín kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, torí bí òun bá ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé ó jàre ni. Tìjání Oyèdọ̀tun ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ èrò ló ń wà láti Ìlá sí Ọ̀tan Ayégbajú. Wàsílátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni ìyàwó rẹ̀, Àsíátù sì ni àkọ́bí wọn. Èmi Kàdíjátù, aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì kọjú sí ilé wọn gan-an, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúde yẹn tí n kò fojú rí. Èyí tí n kò bá fojú rí, imú mi gbọ́ òórùn rẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Tìjání kì í mutí, kì í na ìyàwó, bí èrò bá sì gbàgbé ẹrù sínú ọkọ̀ rẹ̀, á gbé e padà dé ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ràn iwájú. Bí wọ́n ń sọmọ lórúkọ, iwájú ló máa jókòó sí, níbi tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbé abọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n ń ṣe fídáù òkú, iwájú náà ni. Nínú mọ́ṣáláṣí, á máa fi ìgúnpá ti àwọn tó ti ṣe àlùwàlá ṣáájú rẹ̀ títí á fi dé ìlà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ awakọ̀ ló fà á. Ó ní ẹni tó bá ti ń jókòó níwájú láti ìgbà èwe, ẹ̀yìn kì í bá a lára mu mọ́.

Nígbà tí Bàbá Àdínnì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa jáde láyé, tí àwọn àgbà jámáà sọ pé àwọn máa yan òmíràn lẹ́yìn Iléyá, ojú Tìjání kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàbá Àdínnì! Ipò tí wọ́n máa wé láwàní fúnni sí, téèyàn á máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lémọ́ọ̀mù láìfi ìgúnpá ti ẹnikẹ́ni! Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó yẹ ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn tún ń dárúkọ ni Àsíìsì Adémúyìwá, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu lọ́nà Ọ̀rà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ṣì máa bi í pé kí ló wí.

Tìjání ní, "Àsíìsì kẹ̀? Ẹni tó ń jókòó sórí ẹní!"

Gbogbo wa la ń jókòó sórí ẹní. Ṣùgbọ́n Bàbá Àdínnì tó kú, orí awọ àgbò ló ń jókòó sí, awọ funfun tí irun rẹ̀ ṣì wà lára, tó rọ̀ bí òwú. Wọ́n sin bàbá náà tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ká awọ náà, wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Tìjání wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ní awọ ló ní ipò. Ó gbà pé bí àwọn àgbà bá ti rí òun lórí awọ àgbò lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní lè fi ojú inú rí ẹlòmíràn níbẹ̀ mọ́. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Mo mọ àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ọgbọ́n wọn kò ju báyìí lọ.

Ọ̀rà ló ti lọ ra àgbò. Ká sọ tòótọ́, àgbò ni. Ó ga, ó sanra, irun rẹ̀ funfun báláú. Iwájú ọkọ̀ ló gbé e sí. Olùkọ́ kan wà tó ti jókòó síwájú láti ìdíkọ̀, Tìjání ní kó lọ bá àwọn yòókù lẹ́yìn. Báyìí ni àwọn èrò ṣe fún mọ́ ara wọn, tí àgbò ń wo títì láti iwájú. Nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò, ó tẹ fèrè ọkọ̀ títí gbogbo wa fi jáde síta. Ẹ̀gbọ́n mi wo inú ọkọ̀.

"Bàbá Àsíátù, èwo ni awakọ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Tìjání kò rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín bí ọ̀rọ̀ bá kan ipò.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa. A ó ti yídì dé, a ó pa ẹran, a ó fi iná jó irun rẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ họ ọ́, a ó fi omi fọ̀ ọ́ títí awọ á fi mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ìyẹn la tó gé e. Awọ yẹn gan-an ni ẹran. Téèyàn bá jẹ ẹ́, tó ń fà, tó ń yọ̀ lẹ́nu, ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ọdún dé. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé ọkọ, ọrùn àgbò ni wọ́n máa ń gé fún mi, pẹ̀lú awọ rẹ̀ tó nípọn. Ẹnikẹ́ni kì í bá mi du ú. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, èmi ni mo ṣa igi jọ, èmi ni mo dáná, mo sì ti pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀. Tìjání ṣe bísímílà, ó dúńbú àgbò, ó sì dúró tì í bí ọlọ́pàá tó mú olè.

Ó ní, "Kàdíjátù, pa iná yẹn."

Mo ní, "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní pa á. A kò jó irun àgbò yìí. A máa bó o ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa bó o, bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀? Kí làwọn èèyàn máa wá jẹ, Bàbá Àsíátù?"

"Ẹran ni wọ́n máa jẹ. Awọ ni tèmi. Orí rẹ̀ ni n ó jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wé mi ní láwàní."

Inú bí mi. N kò ní fi pamọ́, inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì ní èéfín ló fà á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó àgbò náà, ó ń rọra fi ọ̀bẹ yọ ọ́ bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọba. Nígbà tó bó o tán, ẹran náà wà nílẹ̀ ní ìhòòhò, ó pupa, ojú sì ń ti èmi tí mò ń wò ó.

Ẹran náà la pín káàkiri. Itan lọ sílé Lémọ́ọ̀mù, kò láwọ. Apá lọ sílé àwọn àgbà jámáà, kò láwọ. Igbá àyà lọ sọ́dọ̀ ìyá wa ní Ọ̀rà, òun náà kò láwọ. Ìyá wa pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ohùn ìyá wa ga, gbogbo ojúde ló gbọ́ ọ.

"Wàsílátù, àgbò tí ọkọ rẹ pa yìí, ṣé kò ní kúrùpá lára ṣá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o, Ìyá. Ọkọ mi ló fẹ́ jókòó lórí awọ rẹ̀ ni."

Ìyá wa tún gbé ohùn sókè. "Jókòó kẹ̀? Ṣé kò ní àga nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ kúrùpá tí ìyá wa sọ kò dúró sí Ọ̀rà. Kò pẹ́ tó fi dé ìdíkọ̀ Ìlá, tó wọ ọkọ̀ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ Tìjání lọ sí Ọ̀tan. Wọ́n ní Tìjání ra àgbò alárùn, ó bó awọ rẹ̀ kí àwọn èèyàn má bàa rí i, ó sì pín ẹran rẹ̀ fún àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń wá láwàní kiri, orúkọ kúrùpá ni wọ́n ń fi pè é. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni kí awọ náà dára, kí gbogbo ayé fojú rí i pé kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Bí Tìjání ṣe di oníṣẹ́ awọ nìyẹn. Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀tan tó ń ṣe awọ, ojoojúmọ́ ni Tìjání ń wa ọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Kò gbé e fún un. Ó ní wọ́n máa fi awọ ewúrẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Orí fóònù ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Á wò ó díẹ̀, á sáré lọ ṣe é, á tún sáré padà wá wo ìyókù. Ó da iyọ̀ sí i. Ó fi àdá họ ọ̀rá inú rẹ̀. Ó ra èso bọ̀ọ̀nì tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò lọ́wọ́ àwọn eléwé ọmọ lọ́jà, ó gún un, ó rẹ ẹ́ sínú omi títí omi náà fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó sì ki awọ bọ̀ ọ́. Inú ọpọ́n ńlá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń fọ aṣọ ló ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ọpọ́n náà kò tún fọ aṣọ mọ́ títí dòní.

Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi máa ń dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yí padà. Obìnrin kan tó wá wọn aṣọ ìgbéyàwó fi ọwọ́ di imú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì lè wọn apá rẹ̀ dáadáa. Aṣọ náà fún un lápá kan. Mo ka ìyẹn mọ́ Tìjání lọ́rùn.

Nígbà tó yọ awọ náà kúrò nínú omi, ó kàn án mọ́ pákó lójúde, ó ń fi ọwọ́ ra á, ó ń fi òróró ẹ̀pà pa á, ó ń fà á kí ó má bàa gan. Inú oòrùn ló ti ń ṣe é, láìdé fìlà, nígbà tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé èrò. Oòrùn pa á títí ọrùn rẹ̀ fi dúdú, tí ó ń dán. Tẹ́júọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá ṣe Iléyá láti ìlú òyìnbó, dúró wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan náà, 'tan', ni àwọn òyìnbó ń lò fún ohun tí ẹ ń ṣe sí awọ yẹn àti ohun tí oòrùn ń ṣe sí yín. Wọ́n ń sanwó lọ dùbúlẹ̀ sétí òkun kí ara wọn lè dúdú báyìí."

Mo ní, "Wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè dúdú? Àwọn tó ń fi ìpara bó ara wọn ní Ìlá níbí, ṣé ẹnì kan ti sọ fún wọn?"

Tẹ́júọlá ní, "Bí bàbá kan bá sì fẹ́ na ọmọ rẹ̀ lẹ́gba, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ní àwọn máa ṣe awọ ìdí rẹ̀."

Tìjání dáhùn láìgbójú sókè. Ó ní, "Alfa tó kọ́ mi ní kéú ti ṣe tèmi tán láti kékeré."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kò ṣe é délẹ̀ o. Ó yẹ kó tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n awọ náà ń dára. Èyí ló dùn mí jù. Mo fẹ́ kó jẹrà. Mo fẹ́ kí irun rẹ̀ bọ́ tán pátápátá. Kò bọ́, àfi ibì kan báyìí láàárín, tó pá bí orí olówó rẹ̀. Ó rọ̀, ó funfun, òórùn rẹ̀ sì lọ. Ìyá Àdúràgbèmí tó ń ta pọ̀nmọ́ lọ́jà gbọ́ nípa rẹ̀, ó wá láti wá rà á, kò mọ̀ pé ó ti kọjá ohun tí iná lè sè. Tìjání kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Ó ké sí i láti òkè àtẹ̀gùn. "Awọ ẹran Iléyá! A kì í tà á, Ìyá Àdúràgbèmí! Ẹni tó bá tà á, kò ní láádá ẹran náà mọ́! Kéèyàn lò ó, tàbí kó fi í tọrẹ, kò sí ẹ̀kẹta!"

Obìnrin náà ní òun kò mọ̀, kó má bínú. Ẹlẹ́sìn Kristi ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, Tìjání ká awọ náà sí abẹ́ apá, ó gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn, lápá àwọn obìnrin. Ó tẹ́ ẹ síwájú jámáà. Àwọn àgbà fọwọ́ pa á, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé e dé imú. Wọ́n wá kúrùpá títí, wọn kò rí i.

Tìjání ní, "Ṣé ẹ rí i? Àgbò tó lárùn kì í ní awọ báyìí!"

Lémọ́ọ̀mù ní, "A rí i. Ó dára. Máṣá Alláhù."

Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Kúrùpá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, àwọn àgbà ń mi orí, ẹ̀gbọ́n mi gan-an ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Tìjání na apá méjèèjì.

"Jámáà, ẹ gbọ́ mi o! Awọ yìí kì í ṣe fún ara mi. Mo ti fi í tọrẹ nítorí Ọlọ́run. Ẹni tí ẹ bá yàn ní Bàbá Àdínnì, òun ló ni ín, òun ló máa jókòó lé e, títí ọjọ́ ikú rẹ̀!"

Ó sọ ọ́ tán, ó wojú gbogbo èèyàn bí ẹni tó ti rí láwàní lórí ara rẹ̀. Lémọ́ọ̀mù yíjú sí jámáà.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

Gbogbo mọ́ṣáláṣí dáhùn pé, "A gbọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi fún mi lápá. Ó ní, "Kàdíjátù, ọkọ mi ti kó ara rẹ̀ sí i."

Nígbà tí àwọn àgbà ṣe ìpàdé tán, Lémọ́ọ̀mù dìde lẹ́yìn ìrun, ó ní Àsíìsì Adémúyìwá ni àwọn yàn. Àsíìsì fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Tìjání dìde.

"Lémọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Lémọ́ọ̀mù wò ó jẹ́jẹ́. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"O kò ṣe nǹkan kan, Tìjání. Àgbò Àsíìsì kéré. Ẹran tó fún mi kò ju èyí tó máa wọ àwo kan lọ. Ṣùgbọ́n mo rí awọ lára rẹ̀, àwọn tó kù náà rí tiwọn. Tìrẹ tóbi, o sì bó o kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá máa ṣe bàbá fún wa, ohun tó wà lára ẹran rẹ̀ la jọ máa jẹ."

Mo fẹ́ pariwo pé òótọ́ ni. Ẹnu mi ti yà láti sọ ọ́ kí n tó rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ni mo bá pa á dé. Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ọkọ ẹni ni ọkọ ẹni, bó ti wù kó rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wé Àsíìsì ní láwàní, gbogbo èèyàn ló ń wò ó bóyá Tìjání máa wá. Ó wá. Ó wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù. Awọ náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó rìn gba àárín jámáà kọjá, kò fi ìgúnpá ti ẹnikẹ́ni, ó dé iwájú pátápátá, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́ awọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó fi ọwọ́ na igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó da irun bo ibi tó pá. Nígbà tó dìde, ìlà àkọ́kọ́ ti kún, wọ́n sì tọ́ka ẹ̀yìn sí i. Ó lọ síbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà, n kò sì rò pé ó lè ṣe mí.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Awọ kì í ṣe ohun téèyàn máa ṣe kó sì gbàgbé. Bí ọyẹ́ bá mú, ó máa ń gan, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa á ní àdúgbò yẹn ju ẹni tó ṣe é lọ. Àsíìsì ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ránṣẹ́ pè é. Ní báyìí, wọn kò ránṣẹ́ mọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bí Tìjání bá ti já èrò Ọ̀tan sílẹ̀, á gba mọ́ṣáláṣí lọ pẹ̀lú ìgò òróró ẹ̀pà, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á gbé awọ náà lé orí itan, á máa ra á títí á fi rọ̀. Àwọn ọmọ kéú ń pè é ní Bàbá Aláwọ. Ó ń jẹ́ wọn.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ fún ìyàwó Àsíìsì ní aṣọ tó ní kí n rán. Tìjání rí mi, ó na awọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Inú rẹ̀ ń dùn, ojú rẹ̀ sì ń wá ojú mi.

Ó ní, "Kàdíjátù, sọ òótọ́. Ṣé o ti rí awọ tó dára tó báyìí rí?"

Mo wò ó dáadáa. Ó dára lóòótọ́.

Mo ní, "Ó dára, Bàbá Àsíátù. Ṣùgbọ́n n kò tíì tọ́ ọ wò."